Ọkọ̀ Tí Jẹ́jẹ́ Kò Bá Lára Mu

Nígbà tí ọkùnrin kan ń lọ ṣiṣẹ́ ọdún kan nílẹ̀ òkèèrè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló fi ọkọ̀ asáré rẹ̀ pupa sílẹ̀ fún. Ó ní kó sáà máa bá òun tọ́jú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbà. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun, kò sì sí ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀ rí tó bàjẹ́.

Láràárọ̀ Sátidé, á ṣí gáráàjì, á nu ọkọ̀ náà bí ẹni ń nu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, á tan án, á wà á jáde díẹ̀ kó lè gbá abẹ́ rẹ̀, á dá a padà, á sì pa á. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Lóṣù kẹrin, ọkọ̀ yarí. Sítátà ń yí, ẹ́ńjìnnì kò tan.

Nọ́ọ̀sì pe mẹkáníìkì kan tí àdúgbò ń pè ní Ẹ-Dúró-Ná, nítorí ohun tó máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn kó tó fọwọ́ kan ọkọ̀. Ọkùnrin náà tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wọn rin gbingbin fún epo. Ó ṣàlàyé pé ẹ́ńjìnnì yìí kò ní písítọ̀nù tó ń lọ sókè sódò bíi ti ọkọ̀ yòókù. Irin onígun mẹ́ta méjì ló ń yí bírí nínú rẹ̀, síìlì tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà ní ṣóńṣó igun kọ̀ọ̀kan tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò. Tí wọ́n bá pa á kó tó gbóná, epo á kún inú rẹ̀.

"Jẹ́jẹ́ ni mò ń ṣe é o," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ẹni tó pa òwe yẹn ò tíì wa irú ọkọ̀ yìí, mà. Jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló dá a dùbúlẹ̀."

Nígbà tó nu púlọ́ọ̀gì gbẹ tó sì tan án, èéfín funfun bo ojúlé mẹ́ta, aládùúgbò kan sì yọrí lójú fèrèsé láti bèèrè ohun tó ń jó. Ẹ-Dúró-Ná ní kò gbọdọ̀ pa á mọ́ láìjẹ́ pé ó gbóná. Ó ní kó máa wo ọ́ìlì rẹ̀ nígbàkigbà tó bá ra epo, torí ọ́ìlì mímu kì í ṣe àìsàn fún un, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Tó bá sì ti gbóná dáadáa, kó máa tẹná rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí ọwọ́ aago tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì á fi sún mọ́ ibi pupa, kí èédú inú rẹ̀ lè jó dànù. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìwé oògùn.

Nígbà àkọ́kọ́ tó tẹná lójú ọ̀nà gbọọrọ, ẹ́ńjìnnì han bí agbo oyin, òun nìkan sì ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà ló ń wà lọ síbi iṣẹ́.

Àmọ́ ó wá ṣàkíyèsí pé tí ọkọ̀ bá ti gbóná tí òun sì pa á, ó ń nira láti tún tan. Ẹ-Dúró-Ná wọn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́. Ó ti rẹ irin onígun mẹ́ta ti ẹ̀yìn tẹnutẹnu. Síìlì rẹ̀ ti gbó, ìtọ́jú kan kò sì lè dá a padà. Àfi kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe. Nọ́ọ̀sì gbà pé òun ló bà á jẹ́. Tí àbúrò rẹ̀ bá pè, á ní ọkọ̀ wà dáadáa.

Ọjọ́ tí àbúrò dé, nọ́ọ̀sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Àbúrò rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó lọ. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n fún mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ, ẹ ò ní gbà á."

Nọ́ọ̀sì dìde nídìí tábìlì. "O wá jẹ́ kí n máa dá ara mi lẹ́bi."

Kò pariwo. Ó kó àwo, ó fọ̀ ọ́, kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì, tí àwọn méjèèjì jọ gbé ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ẹ-Dúró-Ná. Àtúnṣe náà gba ọ̀sẹ̀ méje. Àbúrò ló wà á jáde, ẹ̀gbọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ ìgbà tó yẹ kó tẹná fún un. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà nínú báàgì nọ́ọ̀sì, àbúrò rẹ̀ kò sì bèèrè rẹ̀.