Àga Tó Kọjú Sẹ́yìn

Màmá Rídwàn ti yí àga ọmọdé tí wọ́n ń dè sínú mọ́tò náà ká títí, kò rí ìdí kan gbòógì tí ọmọ oṣù mẹ́ta yóò fi máa kọjú sẹ́yìn rìnrìn àjò. Ó tẹ fóòmù inú rẹ̀, ó fa okùn rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì pupa tó wà láàárín, okùn sì tú sílẹ̀. Ó tì í wọlé pa dà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá rí i á rò pé òun ni wọ́n ra nǹkan ìṣeré fún.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Ìgàndó wá bá wọn tọ́jú Qonitah, ọmọ tí Rídwàn bí, tí òun ń pè ní Àjíkẹ́. Kò ní pẹ́ pa dà sílé. Ní Sátidé, wọ́n fẹ́ gbé ọmọ lọ kí àwọn òbí ìyá rẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀, ó sì ti ń fojú sọ́nà láti gbé e sórí ẹsẹ̀ títí wọn yóò fi débẹ̀. Àfi bí àga yìí ṣe wá gbapò rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó dùn ún.

Àdíját, ìyàwó Rídwàn, ló yan àga náà. Ní Ìkòtún, ó kọ tòkunbọ̀ kan nítorí pé ẹni tó ń tà á kò lè sọ bóyá mọ́tò tí wọ́n ti yọ ọ́ ti kọlu nǹkan rí. Ó kọ èyí tí ọmọ ìkókó nìkan lè lò. Èyí tó mú yìí, ọmọ yóò kọ́kọ́ kọjú sẹ́yìn nínú rẹ̀. Tó bá dàgbà dáadáa, wọn á yí i síwájú.

"Kí ló dé tí kò lè kọjú síwájú báyìí?" Màmá bi í.

"Màmá, tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, ibo lẹ máa ń fọwọ́ gbá mú?"

"Ọrùn ni. Àbí ọrùn ẹ̀ ti gbó ni?"

"Òun náà nìyẹn, Màmá. Tí mọ́tò bá dúró lójijì, àga yẹn á gba orí àtọrùn ẹ̀ dúró."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Màmá létí, àmọ́ apá tiẹ̀ náà kì í ṣe apá ọ̀lẹ. Ó ní kí wọ́n dán an wò. Nínú iṣu tó gbé wá láti ilé, ó mú méjì tó ṣe bákan náà. Wọ́n de ọ̀kan mọ́ inú àga lẹ́yìn mọ́tò, Màmá jókòó tì í, ó de bẹ́líìtì mọ́ra, ó sì gbá èkejì mọ́ àyà bí ọmọ. Ó kìlọ̀ fún Rídwàn pé kó má sọ ìgbà tó máa tẹ búréèkì fún òun. Rídwàn ń rẹ́rìn-ín, ó wa mọ́tò lọ sí òpópónà tí kò sí èrò.

Bó ṣe tẹ búréèkì, iṣu ọwọ́ Màmá fò lọ, ó kọlu ẹ̀yìn àga awakọ̀, ó sì kán sí méjì. Apá rẹ̀ ṣì ká bí ẹni tó gbé ọmọ dání. Èyí tó wà nínú àga kò kúrò níbi tí wọ́n dè é sí.

Rídwàn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Màmá ṣa iṣu tó kán náà. Gbogbo ọmọ tó ti gbé sórí ẹsẹ̀ wọ mọ́tò ló sáré wá sí i lọ́kàn, ẹ̀rù sì bà á nítorí wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti bímọ.

Ní Sátidé, òun fúnra rẹ̀ ló gbé Àjíkẹ́ sínú àga. Ó fa okùn títí kò fi rí èyí tó dẹ̀ mọ́ ní èjìká. Lẹ́yìn náà ló jókòó tì í, tó káwọ́ lé ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, inú rẹ̀ kò sì dùn.

Wọ́n ti ń lọ kó tó yíjú sọ́mọ. Ọmọ náà ń wò ó. Nígbà tirẹ̀, ẹ̀yìn ni ọmọ máa ń wà, tàbí orí ẹsẹ̀, kó kọjú síwájú. Ìpàkọ́ ọmọ ló máa ń rí. Kò wojú ọmọ kankan rí láti ilé dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ó pe Àjíkẹ́, Àjíkẹ́ sì la ẹnu tí kò léyìn, ó rẹ́rìn-ín sí i.

Rídwàn béèrè láti iwájú bóyá kò sí nǹkan, torí pé Màmá dákẹ́ jù.

"Máa wa mọ́tò ẹ jàre," ni Màmá wí. "À ń wojú ara wa ni."