Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ọwọ́ Òsì

Miracle tún ti wà nílẹ̀. Ó na gbalaja sórí koríko tútù, akoto rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Ẹni tó kọlù ú ti dìde, ó ń jó fún àwọn èrò ìwòran. Gbogbo ènìyàn ló rí ibi tó gbà wọlé. Ọwọ́ òsì ni, níbi tí Jordan dúró sí.

Gbóyèga Akínbọ́lá nu òjò kúrò lójú ìgò ojú rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró létí pápá bó ṣe máa ń dúró láti ìgbà tó ti ń kọ́ àwọn adènà ẹgbẹ́ Manchester Weavers. Adènà ni àwọn géńdé márùn-ún tó máa ń tò síwájú ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, bíi Miracle, kí ọ̀tá má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tí adènà bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀. Lọ́dún yìí, orúkọ Jordan ò kúrò lẹ́nu ènìyàn.

Ohùn kóòṣì àgbà wọlé látinú ẹ̀rọ tó wà létí rẹ̀.

"Daddy, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ kú ìdúró nínú òjò. Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí kò bá ní ni yín lára, mo kàn ń rò ó pé bóyá kí àwọn ọmọ yín sún díẹ̀ sí..."

Fèrè dún. Rẹfirí ju àsíá yẹ́lò sílẹ̀. Àkókò tí wọ́n fún wọn láti bẹ̀rẹ̀ ti tán, wọ́n sì dá wọn padà sẹ́yìn ní yáàdì márùn-ún. Ní gbogbo líìgì náà, kò sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ̀ yìí jẹ níyà tó Weavers, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ àfi àwọn tó gbọ́ Yorùbá.

Olúwatúnmiṣe Adédèjì ni orúkọ kóòṣì àgbà náà. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, Moss Side ní Manchester ló dàgbà sí, Amẹ́ríkà ló ti lọ kọ́ bọ́ọ̀lù yìí ní yunifásítì. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni ìyá rẹ̀ àti Gbóyèga ń lọ ní Hulme. Nígbà tí àwọn tó ni ẹgbẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àwọn kan rò pé Gbóyèga á bínú, torí òun ni ipò náà kàn. Kò bínú. Túnmiṣe wá sílé rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Daddy, iṣẹ́ yín ni wọ́n gbé fún mi. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é." Morẹ́nikẹ́, ìyàwó Gbóyèga, ló bu oúnjẹ fún un.

Ní oṣù kẹta, Morẹ́nikẹ́ kú.

Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń bá Gbóyèga sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á rọra bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Canada, kì í bá a jiyàn lórí fóònù mọ́. Ohun tó bá sọ, "Bẹ́ẹ̀ ni, Daddy." Morẹ́nikẹ́ nìkan ló máa ń wò ó lójú tí á ní, "Bàbá Rẹ̀mí, ẹ ò gba èyí rò. Ẹ padà lọ wò ó." Láàárọ̀, lálẹ́, lórí iyọ̀ ọbẹ̀, lórí owó iná. Ní báyìí, kò sí ohun tó ń ṣe tí kò dára.

Ṣùgbọ́n sáà náà ò dára. Wọ́n ti pàdánù ju bí wọ́n ṣe borí lọ, àwọn tó ni ẹgbẹ́ sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé bí Bristol bá na Weavers lónìí, kí Túnmiṣe máa kó ẹrù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi ní àárín eré, Bristol ti fi àmì mẹ́wàá ṣíwájú.

Nínú yàrá ìmúra, Miracle di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Daddy, I dey kampe, sà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ koríko pápá yìí lórúkọ, kò sí èyí tí a ò tíì jọ sùn."

Jordan jókòó sí igun lọ́tọ̀, ó gbé yìnyín lé orúnkún. Ọ̀dọ́mọkùnrin aláìníṣẹ́ kan ni nígbà tí Gbóyèga rí i ní Moss Side, tó sì fà á wọ ẹgbẹ́. Kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀ mà" àti "ata yìí pọ̀" lọ, ilé ìdáná Morẹ́nikẹ́ ló sì ti kọ́ méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ ń sọ.

"Boss, orúnkún mi ti lọ," ó ní. "Ẹ rí i. Gbogbo wa la rí i."

"Ta ló ní kí o wá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

"Kò sẹ́ni kankan. Mo lọ bá Coach lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kó fi Abdulwaheed rọ́pò mi. Ó ní ẹ̀yin lẹ fi mí síbẹ̀, òun ò lè yọ ohun tí ẹ gbé kalẹ̀. Ó ní ẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀. Ó ní bí wọ́n bá máa lé òun, kí wọ́n lé òun." Jordan mi orí. "Mi ò mọ irú ọ̀wọ̀ tí ẹ̀yin èèyàn yìí ń bọ̀ fún ara yín. Ọmọ yẹn ló ń fara gbá a." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí Miracle.

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Jordan tẹjú mọ́ yìnyín náà. "Èmi náà ṣáà jẹun nílé yín."

Kì í kúkú ṣe pé Gbóyèga ò mọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ló ti rí orúnkún yẹn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ibi tí Jordan ń dúró sí nìkan ni Morẹ́nikẹ́ mọ̀. Bó bá tẹ̀lé e wá sí pápá, á kàn máa wo apá òsì ni, á sì máa béèrè bóyá wọ́n ti ń borí. Bí òun bá yọ Jordan kúrò níbẹ̀, kí ló kù nínú eré náà tí ìyàwó òun mọ̀?

Ó bá Túnmiṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin náà yára tẹ orí ba.

"Ta ni kóòṣì àgbà níbí?" Gbóyèga béèrè.

"Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni..."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe nípa Jordan?"

"Bí ẹ bá ṣe rí i sí ni, Daddy."

"Mi ò bi ọ́ ní bí mo ṣe rí i." Ó sún mọ́ ọn. "Ìyàwó mi ló kú, Túnmiṣe. Èmi ò kú."

Ó yí padà, ó sì jáde sínú òjò.

Nígbà tí eré tún bẹ̀rẹ̀, ó fi Jordan sí ipò rẹ̀, ó sì ń dúró de àṣẹ Túnmiṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Miracle mú bọ́ọ̀lù, wọ́n gbá a mọ́lẹ̀ láti òsì. Ẹ̀rọ etí dákẹ́. Gbóyèga ń gbọ́ èémí Túnmiṣe nínú rẹ̀. Wọ́n tún tò. Wọ́n tún gbá Miracle mọ́lẹ̀, kò sì tètè dìde.

"Ẹ yọ Jordan!" Kì í ṣe inú ẹ̀rọ. Túnmiṣe ti já tirẹ̀ kúrò létí, ó ń sáré bọ̀ létí pápá. "Kí lẹ̀ ń wò? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n pa ọmọ ọlọ́mọ ni? Mo ní ẹ yọ ọ́, ẹ fi Abdulwaheed síbẹ̀, nísinsìnyí!"

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń wo bàtà wọn.

Ojú ti Gbóyèga. Ooru gun ọrùn rẹ̀, irú èyí tó máa ń gùn ún bí Morẹ́nikẹ́ bá tako ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú àlejò. Kò sì burú lára rẹ̀.

"Yes, Coach," ó ní. "Abdulwaheed, wọlé."

Abdulwaheed ò mọ iṣẹ́ náà tó Jordan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á. Jordan fúnra rẹ̀ dúró létí pápá, ó ń pariwo ibi tó yẹ kó gbé ọwọ́ sí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, Miracle ráyè dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yan ẹni tó wù ú, ó ju bọ́ọ̀lù sí i. Túnmiṣe ò kí ẹnikẹ́ni mọ́. "Sún wọn sọ́tùn-ún." "Má jẹ́ kó wọlé." Kò sí àsíá yẹ́lò mọ́. Nígbà tí fèrè ìkẹyìn dún, Weavers ti fi àmì mẹ́rin borí Bristol.

Àwọn ènìyàn ti ń túká nígbà tí Túnmiṣe wá, tó sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Dìde. Ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Ẹ dárí jì mí sà. Mo pariwo mọ́ yín ní gbangba. Bí ìyá mi bá gbọ́, ó parí."

"Kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi." Gbóyèga ń ká wáyà ẹ̀rọ etí rẹ̀. "O pẹ́. Kò yẹ kí ọmọ yẹn ṣubú lẹ́ẹ̀kejì kí o tó sọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Àti pé, nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, kò yẹ kí o sún wọn sọ́tùn-ún."

Túnmiṣe gbójú sókè. "Rárá o. Èmi ni mo jàre ìyẹn. Ẹ ò rí i bí ẹni tó wà láàárín ṣe sá wọlé ni?"

"Mo rí i."

"Ẹ ò rí i dáadáa, Daddy. Ẹ padà lọ wò ó nínú fídíò."

Wọ́n wà lórí ẹ̀ títí ẹni tó fẹ́ ti géètì fi lé wọn jáde.

Òjò ti dá. Ní ibùdó bọ́ọ̀sì Princess Road, Gbóyèga ṣì ń bá Túnmiṣe jiyàn nínú ọkàn rẹ̀. Sheffield ló kàn, apá ọ̀tún ni wọ́n máa ń gbà kọluni, ó dá a lójú. Kí Jordan máa kọ́ Abdulwaheed lọ́wọ́ lílò. Kí wọ́n sì fún Miracle ní ìsinmi lọ́jọ́ Túsìdé. Ó sọ èyí tó kẹ́yìn jáde, obìnrin kan tó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ sì wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bọ́ọ̀sì kan kọjá lọ, Gbóyèga ò na ọwọ́ sí i.

Ó pẹ́ kí ó tó kíyè sí i pé Sátidé tó ń bọ̀ ni òun ń rò. Láti oṣù kẹta, àwọn ọjọ́ tó ti kọjá nìkan ni ọkàn rẹ̀ ti ń gbé.

Ó wo ọ̀nà bóyá bọ́ọ̀sì mìíràn ń bọ̀. Ebi ń pa á.