Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

Ìyá Ìbéèrè nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún ìwé èsì ìdánwò kà. Ohun tó rí kò yí padà.

Ọdún méjì gbáko ló fi ṣe ìdánwò yìí fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́: ogójì ìbéèrè tí yóò fi ẹni tó lè kọ́ ọmọ gbogbo ayé hàn, ẹni tó lè gbọ́ èrò tó yàtọ̀ sí tirẹ̀, tó ń wádìí ìròyìn kó tó gbà á gbọ́. Ẹni tó bá mú "bẹ́ẹ̀ ni gan-an" gba márùn-ún, ẹni tó mú "rárá o" gba ẹyọ kan. Láàárọ̀ yìí ló gbé èsì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì tí àwọn olùbẹ̀wò fún wọn nínú kíláàsì, kó lè mọ̀ bóyá ohun tí ìdánwò náà sọ pé òun ń wọ̀n ló ń wọ̀n lóòótọ́. Àwọn tí olùbẹ̀wò yìn jù ló wà nísàlẹ̀ pátápátá!

Ìka rẹ̀ dúró lórí ìbéèrè kẹtàdínlógún: "Tí mo bá ṣàṣìṣe níwájú àwọn ọmọ, mo máa ń bò ó mọ́lẹ̀."

"Yéè! Mo gbé!"

Mẹ́jọ irú rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìbéèrè tó kọ ẹ̀yìn síni, tí "bẹ́ẹ̀ ni gan-an" jẹ́ ìdáhùn tí kò dára. Ó yẹ kó yí máàkì wọn padà, kí "rárá o" di márùn-ún. Ó gbàgbé. Olóòótọ́ fìdí rẹmi, ẹlẹ́tàn ń gbégbá orókè.

"Akọ̀wé, lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ fi lé àwọn méjìlá tó wà nísàlẹ̀ yẹn lọ ńkọ́?" ó béèrè.

"Ó ti wà níwájú Ọ̀gá, mà. Wọ́n á buwọ́ lù ú láago méjìlá. Ẹ ń làágùn bí ẹni tó gbé ata mì!"

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àrá ni wọ́n ń pe Ọ̀gá lẹ́yìn. Ẹni tó ni àga Ìyá Ìbéèrè tẹ́lẹ̀, àṣìṣe tí kò tó ìdajì èyí ni Ọ̀gá fi lé e lọ. Oṣù mẹ́jọ péré ló sì kù kí Ìyá Ìbéèrè fẹ̀yìn tì. Ta ló máa mọ̀ tó bá dákẹ́?

Ó gun àtẹ̀gùn lọ bá Ọ̀gá. Ní ìgbésẹ̀ kẹsàn-án, ó só, ó sì wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan gbọ́. Ìdí àgbà ò mọ ìgbà ọ̀ràn.

Bírò Ọ̀gá ti wà lórí lẹ́tà àkọ́kọ́.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má buwọ́ lù ú! Ẹ̀bi mi ni." Ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Àrá ò sán. Ìyẹn ló burú jù.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan, sà."

"Ìbéèrè kẹtàdínlógún yẹn, mà. Ẹ̀yin ńkọ́, èwo lẹ máa mú?"

"Lórí àtẹ̀gùn, sà, ó ku díẹ̀ kí n mú 'bẹ́ẹ̀ ni gan-an'."

Ọ̀gá fa àwọn lẹ́tà náà ya lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi pé méjìlá. Ó wá mú ìwé funfun kan tí nǹkan kan ò sí lára rẹ̀.

"Ẹ jókòó, mà. Ẹ sọ orúkọ yín ní kíkún."

Méjìlá ti bọ́ lọ́wọ́ lẹ́tà ìléniṣẹ́. Ó wá ku ẹnì kan.