Ó Ṣì Pupa

Ojú Bàbá ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pe obìnrin náà, àwàdà tó ti di orúkọ. Àbúrò bàbá rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá, ló kọ́ ọ níṣẹ́ kẹ́míkà, obìnrin náà ló sì sọ ara rẹ̀ di ojú fún un nígbà tí ojú ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Bàbá á ṣe iṣẹ́, obìnrin náà á wo ìgò, á pe àwọ̀ tó rí sókè, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá á wá buwọ́ lu ìwé náà níbi tí kò yẹ, torí kò rí ojú ìlà.

Okùn rọ́bà ni wọ́n ń ṣe, okùn tó kéré débi pé ojú kankan ò lè rí i. Ara okùn náà ò jẹ Bàbá lógún, orí rẹ̀ méjèèjì ló ń lé kiri. Bí àwọn orí náà bá ṣì wà láàyè, tí wọ́n ṣì lè so mọ́ nǹkan míì, omi rọ́bà inú ìgò á pupa fòò. Nígbà náà ni wọ́n á fi gáàsì kan dé wọn lórí. Bàbá a máa ní fìlà làwọn ń dé fún un. Bí fìlà bá ti jókòó, gbogbo rẹ̀ á ki bí sítáàṣì, rọ́bà bẹ́ẹ̀ á sì lè lẹ awọ ara tó ya pọ̀ láìsí abẹ́rẹ́ àti òwú. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lásán ti tó láti pa àwọn orí náà, pupa náà á sì ṣá.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti yọrí sí rere. Àwọn ọ̀gá ní ó di ẹ̀kẹta kí àwọn tó gbà pé kì í ṣe oríire. Bí kò bá ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á ti yàrá iṣẹ́ wọn pa, Bàbá á sì lọ sinmi nílé. Ìgò èròjà kan ṣoṣo ló kù. Bàbá ò jẹun gidi mọ́ láti ọjọ́ tó ti gbọ́.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Omi rọ́bà náà pupa débi tí obìnrin náà fi rẹ́rìn-ín. Ó ki abẹ́rẹ́ bọ ìdérí rọ́bà ìgò náà kí gáàsì lè gba ibẹ̀ wọlé. Ìdérí àná ni, abẹ́rẹ́ ti lu ihò káàkiri ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbabẹ̀ wọlé. Ó yẹ kó ti pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ó sì gbàgbé. Ojú rẹ̀ báyìí ni pupa náà ṣe ń sá láti òkè wá sílẹ̀, kó sì tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ìgò ti mọ́ gaara.

“Àwọ̀ ńkọ́?” Bàbá bi í.

Ó wo ọwọ́ Bàbá tó ti wà lórí ẹ̀rọ gáàsì, ó wo ojú rẹ̀ tó kọ sí ògiri dípò ìgò. Àánú ṣe é, ẹ̀rù sì bà á ju àánú lọ, torí ẹ̀bi òun ni.

“Ó ṣì pupa, Bàbá.”

Bàbá ṣí gáàsì, ó ń kọrin sínú. Obìnrin náà ń rò ó bí òun á ṣe jẹ́wọ́ lọ́la. Òun ló máa ń mi ìgò lẹ́yìn gáàsì, tí á ní ó ti ki. Lọ́tẹ̀ yìí inú Bàbá dùn jù, kò dúró dè é. Ó táràrà títí ọwọ́ rẹ̀ fi ba ìgò, ó gbé e sẹ́bàá etí, ó mì í.

Omi ń ta lu ara ìgò. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ kedere.

Bàbá rọra gbé ìgò kalẹ̀, ó wá àga jókòó lé. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ ìdérí, ó jẹ́wọ́ irọ́, ó ní òun ò ṣe irú rẹ̀ rí, ẹkún ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Bàbá ní kó dìde. Ó ní ti ìdérí kì í ṣe nǹkan, ta ni kì í gbàgbé.

“Gbé ìwé wá,” ó ní. “Bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ka gbogbo àwọ̀ tó o pè fún mi.”

Ó kà á. Pupa. Pupa. Ó ti ṣá. Pupa, ó ti ki. Níbi tí iṣẹ́ ti kọ́kọ́ yọrí sí rere, Bàbá dá a dúró.

“Ṣé ó pupa lóòótọ́?”

“Ó pupa, Bàbá. Mo fi ẹ̀mí mi búra.”

Bàbá yíjú síbi tí ohùn náà ti wá, ó ń wá ojú obìnrin náà tí òun ò lè rí.

“Máa kà á lọ,” ó ní.