Ariwo Kejì

4.

…ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ohun tí mo ṣe sílẹ̀ báyìí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà fún ara mi.

1. ÒFIN ÌDÌBÒ, SÍPÁTÀ NÍLẸ̀ GÍRÍÌSÌ

Bí ọ̀kan bá kú nínú àwọn àgbà tó ń dájọ́ ìlú, ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún lè dupò rẹ̀.

Kèké ni yóò sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kọjá níwájú ìlú. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Ìlú yóò hó fún un.

Ọkùnrin mẹ́ta yóò jókòó sínú ilé tí kò ní fèrèsé. Wọn kò ní rí ẹni tó ń kọjá. Wọn yóò kọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó sínú wàláà.

Ariwo tó pọ̀ jù ló ni àga.

2.

Èmi Damis wà lára àwọn mẹ́ta. Wọ́n ní etí mi mú, olóòótọ́ sì ni mí.

3. ÀWỌN TÓ Ń DUPÒ

Teleas, ẹ̀gbọ́n mi. Hippon ọmọ rẹ̀ sá lójú ogun. Àwọn àgbà ló máa dá ẹjọ́ rẹ̀.

Menares, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Ó ti ní ẹni tó bá sá lógun kì í ṣe èèyàn mọ́.

5. OHUN TÍ A SỌ LÉTÍ ODÒ

DAMIS: Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá dé iwájú ilé yẹn, ẹ wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

TELEAS: Kí n jalè?

DAMIS: Ìgbà wo ni ikọ́ di olè? Etí àwọn méjì yòókù ti di. Ohun tí mo bá kọ ni wọ́n máa wò kọ.

TELEAS: O ń dójú tì mí.

DAMIS: Tí wọ́n bá wá lé Hippon kúrò nílùú ńkọ́?

TELEAS: (Kò fèsì.)

Mo kà á sí bẹ́ẹ̀ ni.

6. WÀLÁÀ MI

Ẹni kìíní: ariwo. Ilẹ̀ mì.

Ẹni kejì: ikọ́. Lẹ́yìn náà, ariwo àwọn tó ń tòògbé.

7.

Mo kọ ọ́: KEJÌ LÓ PỌ̀ JÙ. Àwọn méjèèjì wò ó kọ.

8. ÌKÉDE

Ẹ̀yin ará Sípátà, ẹni kejì ló wọlé. Menares ni.

9.

Òtútù àti ikọ́ ti ń ṣe Menares láti ọjọ́ mẹ́ta. Filaina ìyàwó mi sọ fún mi nígbà tó ń gbé oyin lọ fún un. Mo dáhùn, àmọ́ n kò gbọ́ ohun tó sọ. Èmi, tí wọ́n yàn nítorí etí mi. Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe ara mi.

10.

TELEAS: O gbọ́ bí wọ́n ṣe hó fún mi?

DAMIS: Mo gbọ́.

TELEAS: Mo ní, ó tán, àbúrò mi wà nínú ilé yẹn.

DAMIS: Ẹ ò wúkọ́.

TELEAS: Kí ni mo fẹ́ wúkọ́ fún? Ara mi le.

11.

Àgbà tuntun máa ń gba oúnjẹ méjì. Á jẹ ọ̀kan, á sì fi èkejì dá obìnrin ìdílé rẹ̀ tó fẹ́ràn jù lọ́lá, lójú gbogbo ayé. Menares fún Filaina. Àwọn obìnrin fi orin sìn ín wálé, wọ́n gba iwájú ilé Teleas kọjá.

12.

FILAINA: Ọbẹ̀ dúdú àti ẹran. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

DAMIS: Ọpẹ́ kí ni?

FILAINA: Wọ́n ní àwọn náà gbọ́ ariwo ìlú. Wọ́n ní ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe fún àwọn.

Teleas wà lẹ́nu ọ̀nà. N kò mọ ìgbà tó dé.

13.

Ọ̀la ni ẹjọ́ Hippon.

14.

DAMIS: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

TELEAS: Padà sílé, Damis. Lọ jẹun kó tó tutù.