Ọ̀bẹ Láwùmí

Láwùmí fi èékánná ta ojú ọ̀bẹ náà, ó gbé e súnmọ́ etí, ó sì tẹ́tí sí i bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ àṣírí. Ó mi orí. Ó dá a padà sórí àpò tí wọ́n pàtẹ àwọn ọ̀bẹ sí, ó mú òmíràn.

"Èyí náà ò tún dáa?" Gbádérọ̀, ọkọ rẹ̀, ló béèrè. Ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè nítorí ẹrẹ̀ ọjà Bódìjà, ó sì fi áńkáṣífù bo imú nítorí ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ran kò jìnnà.

"Ohùn rẹ̀ ti kú," ni Láwùmí wí. "Ọ̀bẹ gidi a máa dún bí agogo. Ẹ má kánjú, Bàbá Adétóun."

Kì í ṣe pé Gbádérọ̀ ń kánjú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ọ̀gá ni ní ilé iṣẹ́ ìjọba, ẹni tí àwọn akọ̀wé ń sáré gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Kò tẹ̀ lé ìyàwó lọ sọ́jà rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Ṣùkúrát, obìnrin tó fẹ́ ní bòókẹ́lẹ́, ti bí ọmọkùnrin fún un ní Baṣọ̀run, ohunkóhun tí Láwùmí bá ní kó ṣe ló ń ṣe. Sátidé ni ìkómọ. Sọ́ńdè, ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an, ni ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń lọ yóò fi í jẹ díákónì, oyè tí wọn kì í fi oníyàwó méjì jẹ. Agbádá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ télọ̀. Ó ti lọ wọ̀ ọ́ wò, ó tún padà lọ wọ̀ ọ́ wò, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá yóò ṣeé jókòó nínú rẹ̀.

Láwùmí, tó bí ọmọbìnrin mẹ́ta fún un, kò mọ nǹkan kan nípa Baṣọ̀run. Ohun tí Gbádérọ̀ ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ó ti purọ́ fún un pé ìpàdé ẹbí ń gbé òun lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Láwùmí ní, ó dáa. Kò béèrè irú ìpàdé wo, kò sì béèrè ìgbà tí yóò dé. Ó-dáa yẹn ni kò jẹ́ kí ọkùnrin náà rí oorun sùn dáadáa mọ́.

"Èyí ni," Láwùmí wí lójijì.

Ọ̀bẹ náà dúdú, ó fẹ̀ nídìí, ó sì tín-ín-rín lẹ́nu. Bàdírátù tó ń tà á ní ọkọ òun ló rọ ọ́, láti ara irin tí wọ́n yọ lábẹ́ lọ́rí. Láwùmí mú àlùbọ́sà kan nínú agbọ̀n rẹ̀, ó gé e lórí àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀bẹ náà kọjá bí ẹni pé kò bá nǹkan kan pàdé. Ó tún gé e, ó tún gé e, ojú Láwùmí sì ń dán bíi tọmọdé tó ń lá oyin. Gbádérọ̀ ń wo àtẹ́lẹwọ́ tó wà lábẹ́ àlùbọ́sà. Ọ̀bẹ náà kò kàn án rárá.

"Ẹ bá mi fi irin gbígbóná kọ L sí èèkù rẹ̀," ni Láwùmí sọ.

Bàdírátù rẹ́rìn-ín. "Ìdáná lẹ ń gbé e lọ nìyẹn, ìyá. Ọ̀bẹ tí kì í jáde nílé kì í gba àmì."

Òótọ́ ni. Níbi tí obìnrin bá ti pọ̀ nídìí ìkòkò, tí kálukú mú ọ̀bẹ tirẹ̀ wá, ọ̀bẹ a máa ṣìlọ. Láwùmí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na èèkù náà sí i. Gbádérọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ìnáwó gbogbo tó mọ̀. Ti Sọ́ńdè kọ́, nítorí ó ti háyà alásè fún ìyẹn, kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé kì í ṣe díákónì lásán ni wọ́n ń fi jẹ. Ti ta wá ni?

Nígbà tí wọ́n délé, Láwùmí wọ kíṣíìnì lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọ̀bẹ lórí òkúta. Ọ̀bẹ tuntun, tó ti mú tẹ́lẹ̀. Gbádérọ̀ jókòó sí pálọ̀, ó ń gbọ́ ọ. Ó rántí gbogbo ìtàn tí àwọn ọkùnrin máa ń sọ ní kíláàbù nípa àwọn obìnrin tí kì í pariwo. Nígbà tí òkúta dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà tún burú ju ariwo rẹ̀ lọ. Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, kò wọlé.

Láwùmí ń gé ẹran. Ó ń gé e pẹlẹbẹ, pẹlẹbẹ, ó sì ń kọrin sínú.

"Ìdáná ta ni?" Gbádérọ̀ béèrè.

"Ti Baṣọ̀run."

Gbádérọ̀ di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó béèrè ẹni tó sọ fún un.

"Ìyá Ṣùkúrát ló wá kí mi. Wọ́n ní kò bójú mu kí wọ́n sọmọ lórúkọ kí ìyáálé má gbọ́. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Ọjọ́ tí ẹ lọ wọ agbádá wò ni wọ́n wá."

"O ò sì bá mi jà."

"Ẹni tó fẹ́ jà kì í pọ́n ọ̀bẹ, Bàbá Adétóun. Ọmọ odó ló ń gbé." Ó yí ẹran padà, ó gé e sí òdìkejì. "Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé ẹgbẹ́ àwa ìyá ìjọ. Ilé ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ti bímọ, ẹgbẹ́ ló ń dáná ibẹ̀. Mo máa sọ fún wọn pé a bímọ."

"A?"

"Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ bí i ni?"

Gbádérọ̀ rí gbogbo wọn lọ́kàn: àwọn ìyá ìjọ pẹ̀lú gèlè funfun, tọ̀bẹ tọ̀bẹ, tí wọ́n ń kọrin ìyìn wọ àgbàlá bàbá Ṣùkúrát, tí àwọn àáfà sì ń wò wọ́n. Ó rí àwọn ìyá kan náà lórí àga ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì.

"Bí mo bá sọ fún pásítọ̀ fúnra mi," ló wí, "wọn ò ní fi mí jẹ ẹ́ mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí n ò bá sọ ńkọ́?"

Láwùmí gbé ọ̀bẹ sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. "Ẹ ó wọ agbádá yín, ẹ ó jókòó síwájú. Gbogbo wa ó sì máa wò yín."

Ó padà sídìí ẹran rẹ̀.

Gbádérọ̀ wọ bàtà. Ó dúró níwájú dígí, ó ya irun rẹ̀. Ohun tó ti mọ́ èèyàn lára kò ṣeé fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mọ́tò kò ní epo, nítorí ìlà ilé epo ọ̀sẹ̀ náà kò lórí kò nídìí, nítorí náà ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ sílé pásítọ̀. Bó ti ń lọ, ó ń to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. "Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ sí mi," bí ẹni pé òjò ló pa á. Ìyẹn kò dáa. "Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wá." Ìyẹn dáa díẹ̀, àfi pé pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́.

Kò tíì rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn tó fi dé ẹnu ọ̀nà. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?" Pásítọ̀ béèrè láti inú ilé.

"Èmi ni, sà," Gbádérọ̀ wí. "Bàbá ìkókó ni."