Ta Ló Dá Lójú Jù?

Ẹ wá wo àrà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Pyo fi ń kọ́ ìṣirò ní yunifásítì kan ní Jeonju. Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń jókòó. Kálukú á kọ ìdáhùn rẹ̀, á sì kọ bó ṣe dá a lójú tó sí i, láti oódo títí dé mẹ́wàá. Ìdáhùn ẹni tó bá dá lójú jù ni gbogbo ẹgbẹ́ á fà lé ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́. Bí méjì bá dọ́gba, ti àgbà ni wọ́n á mú.

Gyutae ni ẹ̀gbọ́n inú ẹgbẹ́ kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibùdó ológun dé ni, níbi tí òfin ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ibẹ̀ lọ sìn. Ọdún kan ààbọ̀ ló fi bó ọ̀dùnkún níbẹ̀, ìṣirò ti fò lọ lórí ẹ̀ pátápátá. Síbẹ̀, mẹ́wàá ló máa ń kọ. Kò tíì ka ìbéèrè tán o, mẹ́wàá!

Eunsol, ọmọbìnrin tó kéré jù níbẹ̀, á gba gbogbo ìbéèrè, á wá kọ mẹ́ta. Àtikékeré ni ìyá ẹ̀ ti ń sọ pé ìṣirò kì í ṣe tobìnrin, ọ̀rọ̀ náà sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹni tó lórí ò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà ò lórí. Bí wọ́n ṣe ń fìdí rẹmi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn.

Ìdánwò ìkẹyìn wá dé. Bí wọ́n bá tún kùnà, Eunsol ò ní lè kúrò ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé bọ́ sí ẹ̀ka ìṣirò tó ń wù ú. Ó ṣírò, ó tún un ṣe: méje. Ó yọjú wo ìwé Gyutae. Méjìlélógójì!

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dá yín lójú?”

“Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ ti gbébọn rí.”

“Ẹ̀gbọ́n, ìbọn kọ́ la ń ṣírò o!”

Gyutae ti kọ mẹ́wàá. Inú bí Eunsol. Bóun náà bá kọ mẹ́wàá, ti àgbà ni wọ́n á mú. Ló bá kọ mọ́kànlá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ìwé, ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó. “Mọ́kànlá nínú mẹ́wàá? Ìwọ tó o fẹ́ wá ka ìṣirò?”

“Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n ti gba mẹ́wàá.”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ìdáhùn. “Méje. Ó gbà á o! Mọ́kànlá yìí nìkan lo ṣì.” Ó fọwọ́ síwèé tí Eunsol máa fi lọ sí ẹ̀ka ìṣirò lójú ẹsẹ̀. Ó wá yẹ àwọn ìwé àtẹ̀yìnwá wò, ó rí i pé kò sí èyí tí ọmọ náà ṣì. “Kí ló dé tó o fi ń kọ mẹ́ta látọjọ́ yìí?”

Eunsol bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé ẹ̀ jọ. Ojú tì í.

Gyutae ló nawọ́ sókè. “Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Látọjọ́ témi ti ń kọ mẹ́wàá, kò mà sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé.”